Bùnù Tó Dáa Kan

Iffe, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tíṣà Bámgbóṣé,
ọjọ́ Sátidé, ọyẹ́ ń mú gan-an.

Ayọ̀kẹ́mi ọmọ mi,

Okun o. Okun iṣẹ́, okun òtútù, okun ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Mo kí ọkọ rẹ, mo kí Gift, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé ní Kúbwá tí n kò mọ orúkọ wọn. Mo bẹ Ọlọ́run kí lẹ́tà yìí bá ọ nílé, kí ó má bá ọ ní ọsibítù, kí ọwọ́ tí o fi ṣí i jẹ́ ọwọ́ ẹni tó ti jẹun yó. Àmín. Tíṣà Bámgbóṣé ló ń bá mi kọ ọ́, ìwọ náà mọ̀ pé n kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni gbogbo rẹ̀, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fi gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kún un. Ó ní òun ti fẹ̀yìn tì, gẹ̀ẹ́sì òun náà sì ti fẹ̀yìn tì.

Ilé dára. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, iṣu tí a kó pamọ́ kò jẹrà, ọyẹ́ sì ti la gìgísẹ̀ mi débi pé bí mo bá ń rìn lórí ẹní, ńṣe ni mò ń fa ẹní tẹ̀lé ara mi.

Ohun tó jẹ́ kí n wá bá Tíṣà ni ọ̀rọ̀ ìyá rẹ. O rántí pé nígbà tí o mú un lọ sí ọsibítù lẹ́yìn ìkórè, dókítà ní èéfín igi tó ti ń fà símú láti ìgbà ọmọge ló kó sí i láyà, pé ikọ́ yẹn kò ní lọ bí kò bá kúrò nídìí ààrò. Ìwọ sì dìde dúró lójú mi, o ní bí Àjíǹde bá dé tí èéfín ṣì wà nílé ìdáná wa, o máa rán mọ́tò wá gbé ìyá rẹ lọ sí Àbújá, kò sì ní padà. Ṣùgbọ́n mo sọ nínú ara mi pé ìyàwó tí mo ti ń bá gbé láti ọdún mẹ́rìnlélógójì kì í ṣe àpò gààrí tí wọ́n ń rán mọ́tò wá kó.

Lẹ́yìn náà ni Délé onímọ́tò gbé gáàsì tí o fi rán an dé, agolo irin ńlá kan pẹ̀lú rọ́bà àti ẹnu tí a ń yí lórí rẹ̀. Ó ní àpò kejì ti já bọ́ lórí mọ́tò lójú ọ̀nà, òun kò mọ ibi tó bọ́ sí. Mo gbé agolo náà, mo mì ín, mo sì gbọ́ tí omi ń ró nínú rẹ̀. Inú bí mi. Mo ní wọ́n ti rẹ́ ọmọ mi jẹ ní Àbújá, afẹ́fẹ́ ló ra, omi ni wọ́n bù fún un. Mo gun òkúta ẹ̀yìn ilé níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń wà, mo pè ọ́, mo sọ ti omi àti ti àpò tó bọ́. Ohùn rẹ ń já bí òwú tó ti gbó. O ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, kí n wá Bùnù tó dáa kan, òun nìkan ló kù. Ni fóònù bá kú.

Kí n sọ òótọ́ fún ọ, ó dùn mí díẹ̀. Èmi ọmọ Ìjùmú tí bàbá mi fi oko lé lọ́wọ́, kí ọmọ bíbí inú mi wá ní àfi Bùnù? Ṣé ọwọ́ àwa kò pé ni? Àwọn ará Bùnù tó múlé ti wa tí mo mọ̀, aṣọ ni wọ́n mọ̀ ọ́n hun. Mo wá rò ó pé bóyá ẹni tó lè hun òwú lè hun afẹ́fẹ́ náà. Bí o sì ṣe ní òun nìkan ló kù, mo rò pé àwọn yòókù ti kú ni.

Mo so gáàsì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, ó di Kàbà. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta gáàsì ni mo kọ́kọ́ yà sí, mo ní kí ó wá gbọ́ omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ ọmọ mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní afẹ́fẹ́ náà ni, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pọ̀ títí ó fi di omi, bí a bá sì ṣí i, á tún padà di afẹ́fẹ́. Ó gbé e sórí ìwọ̀n, ọwọ́ ìwọ̀n sì lọ sókè. Ọmọ mi, mo ní kí ó tún un wọ̀n. Láti ìgbà tí mo ti dáyé ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lù mí, n kò mọ̀ rí pé ó wúwo.

Mo wá ń bi àwọn ènìyàn léèrè Bùnù tó dáa. Obìnrin kan ní Bùnù wo, mo ní èyí tó dáa. Ó ní òun gan-an Bùnù ni, èwo nínú wọn ni mo rí tí kò dáa? Mo bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin kan tó ń ta táyà ló gbà mí, ó ní òun mọ Bùnù mẹ́ta lágbègbè yẹn, ọ̀kan nínú wọn ló dáa, ó sì fi ṣọ́ọ̀bù Oyèbánjí hàn mí. Wẹ́dà ni, ó ń jó irin pọ̀ mọ́ irin. Mo ní ṣé Bùnù ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo ní ṣé ó dáa. Ó ní kí n bi ìyàwó òun. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó síbẹ̀ ní ó dáa díẹ̀. Mo wá sọ fún un pé ọmọ mi ránṣẹ́ láti Àbújá pé kí n wá a, pé òun nìkan ló kù. Ó bọ́ awò dúdú ojú rẹ̀, ó ní ṣé wọ́n ti gbọ́ orúkọ òun dé Àbújá ni.

Ó yẹ agolo wò, ó yẹ rọ́bà wò, ó ní ibi tí iná ti ń jáde ni kò sí, rírà ni wọ́n sì máa ń rà á. Mo ní bí Bùnù tó dáa kò bá lè ṣe é, ta ni yóò ṣe é? Ojú tì í, ó gbà. Láti ìgbà náà ló ti ń sọ pé Bùnù yìí máa jó, Bùnù yìí máa le ju ti òyìnbó lọ. Mo rò pé ó ń fi ìlú rẹ̀ yangàn ni, mo fi í sílẹ̀.

Páìpù omi àtijọ́ kan tó gùn bí apá mi ló mú. Ó dí orí rẹ̀ kan, ó lu ihò wẹ́wẹ́ sí i lára bí ihò fèrè. Ẹnu tín-ín-rín tí gáàsì máa gbà wọ inú páìpù, lára fìtílà gáàsì ṣọ́ọ̀ṣì tó ti bàjẹ́ ni a ti yọ ọ́, ojú rẹ̀ kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ó gbé e wá sí àgbàlá wa, ó sì fi ìfófó ọṣẹ wẹ gbogbo oríkèé rọ́bà. Mo bi í bóyá gáàsì náà dọ̀tí ni. Ó ní rárá, bí ìfófó bá ń wú níbi kan, ibẹ̀ ló ń jò. Kò wú. Ó ṣáná sí i. Iná pupa gígùn jáde, ó ń jù bí aṣọ lórí okùn, ó sì kun ìdí ìkòkò dúdú kirikiri. Ìyá rẹ tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán wú ikọ́, ó ní Bàbá Ayọ̀kẹ́mi, èéfín àná náà nìyí, ẹ kàn wọ ṣòkòtò irin fún un ni.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo jókòó ti ààrò, mò ń wo ẹyin iná. Bí mo bá fẹ́ ẹ, á mọ́lẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, á wọ̀. Mo ní hẹ̀n-ẹ́n, iná fẹ́ mí. A ti dí i nímú. Mo sọ fún Oyèbánjí pé kí ó la fèrèsé méjì sára páìpù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí gáàsì ti ń wọlé. Ó ní Bàbá, gáàsì á gbabẹ̀ sá jáde. Mo ní kí ó là á. Ó ní kò bọ́gbọ́n mu. Mo ní ta ló ni gáàsì? Ó là á. Mo gbé ìyẹ́ adìẹ sí ẹnu fèrèsé náà, ìyẹ́ náà kò fò jáde, ńṣe ló tẹ̀ sínú! Gáàsì ń sáré kọjá, ó sì ń fa afẹ́fẹ́ wa tẹ̀lé ara rẹ̀. Oyèbánjí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó tún un wò, ó ní Bàbá, ṣé kì í ṣe pé ẹ̀yin náà ní Bùnù nínú?

Kò parí síbẹ̀ o. Afẹ́fẹ́ wá pọ̀ jù, iná ń fò kúrò lórí ihò, ó ń hó, ó sì ń kú. Ó mú irin mìíràn tí ihò rẹ̀ tóbi sí i, iná sá padà sínú páìpù, ó dún pó! ewúrẹ́ já okùn. A padà sí ihò wẹ́wẹ́. Mo gé agolo mílíìkì, mo fi ṣe ẹ̀gbà sí ọrùn páìpù, kí a lè máa fà á bo fèrèsé díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fa aṣọ fèrèsé. A fà á, a dá a padà, títí iná fi rọlẹ̀, ó kúrú, kò pariwo, ó sì dà bí aró. Mo ní ohun tó ní àwọ̀ aró kò lè gbóná. Mo fi ìka kàn án. Ìka náà ṣì wà nínú àkísà.

Nítorí ọyẹ́, mo fẹ́ gbé e wọ yàrá kí ìyá rẹ lè máa yáná láàárọ̀. Oyèbánjí yarí, ó ní nínú yàrá tí a tì, iná náà á mu afẹ́fẹ́ tí a fẹ́ mí tán mọ́ wa lọ́wọ́. Mo ní láti ìgbà wo ni iná ti ń mí? Ó ní Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ká la fèrèsé fún un. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a gbé e sí, mo da ìkòkò amọ̀ dé e, ìkòkò náà gbóná, ìyá rẹ sì ń na ọwọ́ sí i.

Ibí yìí ni Tíṣà ti fi bírò sílẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo ní kí ló dé. Ó ní Lájídé, òun ti ń fura láti àárọ̀, ọmọ rẹ kò ní kí o wá Bùnù, bọ́nà ló ní, orúkọ ibi tí iná gáàsì ti ń jáde nìyẹn. Mo ní kí ó tún un pè. Ó pè é. Mo ní Bùnù náà nìyẹn. Ó ní bọ́. Mo ní bù. Ó ní bọ́. Ìyàwó rẹ̀ yọjú wá wò ó bóyá a ń jà. Mo ní kí ó má pa nǹkan kan rẹ́ nínú lẹ́tà yìí, ìwọ ni kò là á mọ́lẹ̀. Bí o bá ti ní ibi tí iná ti ń jáde, ọjà ni ǹ bá ti lọ rà á, ǹ bá sì kú láìmọ̀ pé iná ń mí. Má jẹ́ kí Oyèbánjí gbọ́ o, ó ti sọ fún gbogbo Kàbà pé Àbújá ló ránṣẹ́ pe òun.

Ohun kan tún wà. Ìyá rẹ ń yáná níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti fi í se oúnjẹ, ó ní ohun tó bá ń súfèé bí ejò, òun kò ní bá a dáná. Mo wá ń dáná fúnra mi, kí ó lè rí i pé kì í buni ṣán. Iṣu ni mo kọ́kọ́ sè, lẹ́yìn náà ẹ̀wà, lẹ́yìn náà ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, òun á jókòó sórí àga, á máa pàṣẹ pé ro ó, fi í sílẹ̀, ta ló ní kí ẹ ṣí i? Àwọn obìnrin tó ń ti odò bọ̀ ń kí mi pé Ìyá Olóńjẹ, okun o. Mò ń dá wọn lóhùn. Lọ́jọ́ kejìlá, ó tọ́ ọbẹ̀ mi wò, ó tún bù ú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí a kò dá iná igi, ikọ́ náà sì ti fúyẹ́, ó ń sùn mọ́jú.

Mo rò pé mo ti borí rẹ nìyẹn. Mo sọ fún un pé mo máa kọ̀wé sí ọ pé o kò nílò láti rán mọ́tò mọ́. Ó ní kí n ní kí o rán an wá. Mo ní èéfín ti tán! Ó ní kì í ṣe èéfín ló ń gbé òun lọ, láti ọjọ́ tí o ti bí Gift ni ọkàn òun ti wà lọ́dọ̀ yín, ohun tó dá òun dúró ni pé ebi máa pa mí. Ó ní nísinsìnyí tí mo ti mọ ọbẹ̀ sè, ọkàn òun ti balẹ̀. Ọmọ mi, n kò lè jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo sè é.

Nítorí náà, rán mọ́tò náà wá. Mo ní kí ó lo oṣù kan, ó ní mẹ́ta, kò sì sọ pé òun kò ní padà. Má jẹ́ kí ó sún mọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀ yín. Fi owó díẹ̀ rán onímọ́tò sí mi kí n fi rọ gáàsì sí agolo, nítorí ó ti ń fúyẹ́, mo sì ti mọ̀ báyìí pé bó bá fúyẹ́ ó ti ń tán. Má fi owó gba ilé ìfowópamọ́ o. Nígbà tó kọjá, ọmọbìnrin tó ń sanwó ní kí n tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi, mo sọ ọ́ sókè kí gbogbo ènìyàn lè jẹ́rìí sí i, ńṣe ló fi ọwọ́ bo etí.

Ọlọ́run á fún ọ ní ilé tí ìyá rẹ máa wọ̀ tí ara á tù ú. Ọmọ rẹ á tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú wa. Iṣẹ́ rẹ kò ní já lọ́wọ́ rẹ, ọkọ rẹ kò ní rí àárẹ̀. Bí ìyá rẹ bá sì bi ọ́ bí mo ṣe ń jẹun, sọ fún un pé iyọ̀ ń pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ mi, pé mo ti ń rù. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n bá mi pa á.

Èmi ni bàbá rẹ,
Lájídé.