Èdè Tó Kù Lẹ́nu Bàbá Lará

                                        Westchase,
                                        Houston, Texas,
                                        Amẹ́ríkà.
                                        9 Oṣù Kọkànlá, 1987.

Àbẹ̀ní, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ara wọn ti le lẹ́yìn ibà tó dá wọn dùbúlẹ̀ lọ́jọ́sí? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé ẹnu wọn ṣì mú bí ti ìyá wọn? Mo gbọ́ pé ọjà ń wọ́n sí i lọ́dọ̀ yín. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó ju agbára yín lọ. Ẹ kú ìfaradà. Lẹ́tà rẹ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti oṣù kẹjọ. Má bínú pé n kò tètè fèsì. Mi ò gbàgbé rẹ, mi ò kàn mọ ohun tí mo lè kọ ni.

O ní Màmá ti ń palẹ̀ mọ́ ní Ìkìrun. O ní wọ́n ti pín àwọn ewúrẹ́ wọn, wọ́n ti rán aṣọ òtútù, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo àdúgbò pé Olúdayọ̀ ọmọ wọn fẹ́ mú wọn lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí mo ka ti aṣọ òtútù, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí ẹni tó sọ fún wọn pé òtútù ń pa ènìyàn ní Houston kò débí rí. Lẹ́yìn náà mo ká lẹ́tà náà, mo sunkún. Ọ̀rọ̀ kan wà tí Màmá ò mọ̀, tí ìwọ náà ò mọ̀. Jọ̀ọ́, wá ibi jókòó sí kí o tó máa kà á lọ.

Olúdayọ̀ ọkọ mi, Bàbá Lará, ṣàìsàn. Lọ́dún tó kọjá, kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ epo tó ti ń ya àwòrán ẹ̀rọ dá òun àti ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró, ó ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ló bá ṣubú lulẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ni. Ọlọ́run bá wa ṣe é, ẹsẹ̀ rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ọwọ́ rẹ̀ náà padà. Ohun tí kò padà ni èdè òyìnbó. Àbẹ̀ní, bí mo ṣe sọ ọ́ yìí gan-an ló rí. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Yorùbá ló ń sọ sí dókítà, Yorùbá ló ń sọ sí nọ́ọ̀sì. Wọ́n bá a sọ èdè òyìnbó, ó yé e yékéyéké, ṣùgbọ́n bó bá la ẹnu láti fèsì, òyìnbó náà kì í jáde. Dókítà ní àìsàn náà ló bà á jẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀, pé ó ṣeé ṣe kí èdè tí ènìyàn bá mu mọ́ ọmú ṣẹ́ kù nígbà tí ìyókù bá ti lọ. Bẹ́ẹ̀, òun náà ni gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó wà láwọn ilé tí à ń háyà yìí máa ń gbé síwájú bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ onílé! Lará ọmọ wa kò gbọ́ Yorùbá kọjá "wá jẹun" àti "mà á nà ẹ́". Òun àti bàbá rẹ̀ á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á kàn di ara wọn lọ́wọ́ mú.

Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n má sọ fún ìyá òun. Ó ní kí wọ́n tó dé, ara òun á ti yá.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n dé gan-an ni ọ̀rọ̀. Físà àbẹ̀wò tí Màmá tọrọ ní Èkó kò bọ́ sí i. Bí wọ́n bá sì máa wá gbé lọ́dọ̀ wa, òfin ibí ní ọmọ wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ọmọ ìlú. Ìwé ìgbélùú tí a ní kò tó. Èmi ìyàwó ò lè dúró fún ìyá ọkọ, ọmọ kan ṣoṣo náà sì ni Màmá bí. Bàbá Lará ti kọ̀wé béèrè láti di ọmọ ìlú kí àìsàn tó dé. Ẹni tó bá béèrè máa jókòó síwájú òṣìṣẹ́ ìjọba kan, yóò sọ èdè òyìnbó, yóò kà á, yóò kọ ọ́, yóò sì dáhùn ìbéèrè nípa ìjọba wọn. Àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí wọ́n sì ti lo ogún ọdún níbí, ni wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n fi èdè tiwọn dáhùn. Ọkọ mi kò tí ì tó àádọ́ta, ọdún kẹrìnlá tó débí la sì wà yìí. Bí a bá ní ká dúró dìgbà náà, Màmá tí wọ́n ti lé lọ́gọ́rin, tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì... O mọ ohun tí mi ò fẹ́ fi ẹnu mi sọ.

Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè wá, kò lè sọ nǹkan kan. Wọ́n ní kó lọ múra sílẹ̀ kó padà wá. Mo sọ ilé ìdáná di iléèwé. Mo máa gbé búrẹ́dì sókè, mo máa gbé ife omi sókè, òógùn á bo ọkọ mi bí ẹni tó ń roko. Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ kan á jáde, tó bá dọ̀la, ó ti wọlé lọ. Ìgbà tó di ọjọ́ Sunday kan ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tí à ń lọ ní Third Ward, wọ́n ń kọ orin òyìnbó kan, ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Ìjọ pariwo, wòlíì ní ìdè ti já. Lọ́nà ilé, mo ní kó fi òyìnbó sọ ohun tó ń rí lójú títì, kò lè sọ ọ́. Síbẹ̀ mo ṣì gbà pé ìdè ti já.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá la padà lọ. Obìnrin òyìnbó kan tó ti ń dàgbà ló gbà wá, ó kí wa dáadáa. Ó bi í pé ta ni olórí ìjọba, ilé aṣòfin mélòó ló wà. Ọkọ mi dáhùn pé, "Ààrẹ ni olórí ìjọba. Ilé aṣòfin méjì ló wà, àgbà wà, kékeré wà." Gbogbo ohun tí obìnrin náà bi í ló gbà, kò fo ọ̀kan. Yorùbá ló fi gbà á. Mo ní kí n bá a túmọ̀, obìnrin náà gbọ́wọ́ sókè, ó ní òfin ò gba ògbufọ̀. Mo fún un ní ìwé dókítà. Ó gbé e lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ó padà wá. Ó ní òfin mọ afọ́jú, òfin mọ adití, ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ń ríran, ó ń gbọ́ràn, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ó wá rọra sọ fún un pé, "Jọ̀wọ́, sà, gbólóhùn kan péré ní èdè òyìnbó. Èyíkéyìí tó bá wù ọ́."

Ọkọ mi wo ojú rẹ̀, ó wo ojú mi. Ló bá dìde, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Obìnrin náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ tán pátápátá. Omi ti lé sójú obìnrin náà nígbà tó sọ pé, "Ó dùn gan-an, sà. Ṣùgbọ́n mi ò lè ka orin sí ọ̀rọ̀." Ó sì lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé wa pé wọn ò gbà á.

Wọ́n ní a lè bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà. Ṣùgbọ́n dókítà ti sọ fún mi pé èyí tó bá máa padà nínú òyìnbó ọ̀hún ì bá ti padà. Láti ọjọ́ náà, ọkọ mi kò kọrin mọ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì lánàá pàápàá. O lè ní kí a kúkú máa bọ̀ nílé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì ń ru, dókítà ní kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ìyá ò lè wá, ọmọ ò lè lọ. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kú sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Ti Màmá yìí kò kú, kò sì nù, mi ò mọ orúkọ tí à bá pe tiwọn.

Jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ni kí o lọ bá wọn. Má lọ lálẹ́, kí wọ́n má baà dá nìkan wà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà. Lọ láàárọ̀, kí o sì pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Má sọ fún wọn pé ó máa dára. Wọ́n á bi ọ́ bóyá ó ń jẹun. Sọ pé ó ń jẹun dáadáa, òótọ́ ni.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi. Kí Mojí àbúrò rẹ náà.

Láàárọ̀ yìí, mo bi Bàbá Lará ohun tó fẹ́ kí n kọ sí ìyá rẹ̀. Ó ní, "Sọ fún Màmá pé mo dáhùn. Wọn ò gbọ́ ni."

Èmi ni tìrẹ, bó ti wù kó rí,

Adébùnmí