Ògiri Tó Wọ Aṣọ Ọ̀fọ̀

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Kumasi tù mí lára. Ẹ wá gbọ́ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín.

Àmì ọ̀nà tí wọ́n ní kí n kọ sílé ìwòsàn ojú, mo fi dúdú kun ògiri, mo fi pupa yí i ká, kí ẹni tí ojú ẹ̀ ti ń ṣú lè rí i. Ni Maame Afrakoma, ìyá arúgbó kan, bá figbe ta lẹ́nu ọ̀nà:

"Ta ló kú? Ojú ni mo wá wò, ẹ ti fẹ́ sin mí!"

Bí gbogbo èrò ṣe yà sẹ́nu géètì nìyẹn! Èmi ọmọ Asante, mo gbàgbé pé dúdú àti pupa ni aṣọ ọ̀fọ̀ wa.

Mo tún un kọ, lẹ́tà yẹ́lò gbàgàdà lórí búlúù. Lánàá, Maame dá rìn dé yàrá dókítà, ó ń jó.

"Serwaa, o ò ní ṣìnà láyé!"

Dókítà yẹ ojú tèmi náà wò. Ẹ má dààmú, ó kàn ní kí n máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Ṣebí ibẹ̀ náà ni mo wà.

Ẹ bá mi kí Àǹtí Dufie. Tí ẹ bá ń bọ̀, aṣọ yẹ́lò yín yẹn ni kí ẹ wọ̀. Tí ẹ bá sì rí mi ní gáréèjì, ẹ tètè pe orúkọ mi.

Ọmọ yín,
Serwaa