Omi tí Òkè-Ọ̀pin Kò Gbọdọ̀ Mu

Ọjọ́ Ajé, 3 Fẹ́búárì 1964
Ìpàdé kànga, níhìn-ín ní Ìsọlọ̀-Ọ̀pin. Gọ̀gọ̀rọ̀ — òyìnbó tí àwọn ará ìlú rẹ̀ dáwó gbẹ́ kànga wa — ń wá ẹ̀rí pé kànga ń gbà wá lọ́wọ́ sòbìà. Bí kò bá rí ẹ̀rí mú relé, wọn ò ní dáwó mọ́. Baba Japhet, alága, ní kí wọ́n ṣáà bi àwa aráàlú. Mo ní rárá. Ta ni yóò jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ tán tí yóò ní kò níyọ̀? Kí wọ́n dá kànga tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ fún Òkè-Ọ̀pin, aládùúgbò wa, dúró di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Kí wọ́n máa mu omi odò wọn, kí àwa mu kànga. Sòbìà kì í yọ kí ọdún tó yípo. Nígbà náà ká wo ẹsẹ̀ wọn, ká wo tiwa. Wọ́n gbà. Baba Japhet ní, "Ìyá Keziah, ìwọ ló yẹ kó ṣe alága." Orí mi wú.

Ọjọ́bọ̀, 6 Fẹ́búárì
Àwọn obìnrin Òkè-Ọ̀pin ń wá pọnmi ní kànga wa. Gọ̀gọ̀rọ̀ ní yóò ba òdiwọ̀n tí a fẹ́ fi ẹsẹ̀ wọn wé tiwa jẹ́. Ta ni wọ́n rán? Èmi. Mo lọ kìlọ̀. Susanna, ìyá ọkọ Keziah ọmọ mi, wò mí tòkè-tilẹ̀: "Àna wa, ẹ fún wa lọ́mọ, ẹ wá ń fi omi dù wá?" Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Ìsinmi, 16 Fẹ́búárì
Sòbìà yọ lẹ́sẹ̀ Keziah, tòun ti oyún. Omi odò tó mu léṣìí ló fà á, kì í ṣe àbá mi. Síbẹ̀ — èyí tó ń mu lọ́wọ́ ńkọ́?

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Fẹ́búárì
Ó bí ọkùnrin. Èmi ni yóò wẹ ọmọ. Omi wo?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Fẹ́búárì
Mo ru omi kànga lọ ní ọ̀sán gangan. Ọláoyè, ògbufọ̀ Gọ̀gọ̀rọ̀, pàdé mi lọ́nà. "Ìyá, ẹ máa lọ. Ìkòkò kan ò lè hàn nínú ìṣirò. N kò rí yín." Oore ló fẹ́ ṣe. Ó dùn mí ju èébú lọ. Ṣé ti ọmọ ọmọ tèmi nìkan ni a ó ṣe bí ẹni tí kò rí? Mo ní kó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé mo ti ba òdiwọ̀n jẹ́, pé gbogbo Òkè-Ọ̀pin ni mo ń lọ pè.

Mo wẹ ọmọ. Ìyá rẹ̀ mu nínú omi náà. Mo sọ fún Susanna kí wọ́n máa bọ̀ wá pọn.

Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "Wọ́n á ṣì gbẹ́ kànga tiwa, àbí?"

N kò mọ̀.