Ẹ̀rọ Iná Ọkọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ Tó Ba Ìlàjà Ìyá Mi Jẹ́

Ojúlé Kẹrìnlá, Àdúgbò Etí Ọ̀sà,
Ìgbògbò, Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ọjọ́ kìíní, oṣù Kejìlá, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alámòójútó Ibùdó Iná Ọkọ̀ Ojú Pópó,
Ẹ̀ka ti Ẹ̀pẹ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌFẸJỌ́SÙN NÍPA WÁKÀTÍ MẸ́FÀ TÍ Ẹ̀RỌ "OGÓJÌ ÌṢẸ́JÚ" YÍN FI DÁ ÌYÁ MI DÚRÓ NÍ Ẹ̀PẸ́, NÍ ỌJỌ́ KẸJỌ, OṢÙ KỌKÀNLÁ

Orúkọ mi ni Nathaniel Ògúndípẹ̀. Ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni mo ń tún ṣe ní etí ọ̀sà lẹ́yìn Ìgbògbò, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí yín lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kò fèsì sí ìwé àkọ́kọ́. Nígbà tí mo kọ èkejì, káàdì aláwọ̀ ewé kan ni ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, pé ẹ kẹ́dùn fún "ìdíwọ́ díẹ̀" tó bá mi, àti pé kí n wá ṣáàjì ọkọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti dá káàdì náà padà sínú àpòòwé yìí. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, n kò sì ní díbọ́n pé kò bí mi, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo kọ síbẹ̀ tí kò ṣẹlẹ̀.

Ìyá mi, Màmá Rebecca Ògúndípẹ̀, jẹ́ ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Ọmọ Ìlàjẹ ni wá, láti abúlé Òkè-Ìrètí létí òkun, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Àbúrò kan ṣoṣo ló kù fún wọn láyé, ìyẹn Àǹtí Fúnmbí, tí wọn kò fìgbà kan kúrò ní abúlé. Ọdún kọkànlá rèé tí àwọn méjèèjì kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀. Orí àgọ́ ìyan-ẹja kan tí ìyá wọn fi sílẹ̀ ni ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọdún kejì, òkun gbé àgọ́ náà lọ tòun ti òpó rẹ̀. Ìjà yẹn nìkan ni òkun kò rí gbé.

Àwọn àgbà ìjọ wa ní Òkè-Ìrètí ló dá sí i níkẹyìn. Wọ́n fi ìlàjà sí Sátidé, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kọkànlá, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ó yẹ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ ti ṣẹ̀ wá. Àga méjì ni àwọn àgbà máa ń gbé síwájú pẹpẹ, wọn á kọjú wọn síra. Ẹni tó bá wá jókòó ti gbà kí ìjà parí. Ẹni tí àga rẹ̀ bá ṣófo títí tí wọ́n fi gba àdúrà ìkẹyìn, ó ti kọ̀ nìyẹn. Wọn kì í gba iṣẹ́ tí a rán ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ pé àìsàn ni tàbí pé òjò ló rọ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń fi irú àwáwí bẹ́ẹ̀ sá fún ìlàjà. Ìyá mi mọ èyí dáadáa. Láti oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ti yọ aṣọ tí wọn óò wọ̀ sọ́tọ̀, èyí tí àwọn àti àbúrò wọn jọ rà nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọ̀rẹ́ ara wọn.

Ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná ni mo ní, àlòkù ni. Àwọn ẹgbẹ́ mi ní etí ọ̀sà ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó ti sú wọn, pé èmi tí mo ń jẹun nídìí ẹ̀ńjìnnì bẹntiróòlù ni mo lọ ra ọkọ̀ tí kò ní ẹ̀ńjìnnì. Tìtorí ìyá mi ni mo ṣe rà á. Ìbàdí ń dùn wọ́n, wọn kò lè gun bọ́ọ̀sì mọ́, òórùn epo ọkọ̀ sì máa ń jẹ́ kí wọ́n bì. Iná ilé wa kò dúró lọ́sẹ̀ yẹn, nítorí náà bátìrì kò tó ìlàjì nígbà tí a kúrò ní Ìgbògbò láàárọ̀. Ọkàn mi balẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀, nítorí mo ti rí pátákó ńlá yín lọ́nà Imota, tí ẹ kọ ọ́ sí pé: "Ẹ̀PẸ́. OGÓJÌ ÌṢẸ́JÚ PÉRÉ, BÁTÌRÌ KÚN." Mo gbà yín gbọ́. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, n kò sì ní tún un ṣe.

Aago méje ààbọ̀ ni a dé ibùdó yín. Bátìrì ku ìdá mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ó gbọ́dọ̀ tó ọgọ́rin kí n tó lè dé Igbókòdá, nítorí láti Ẹ̀pẹ́ lọ sọ́hùn-ún kò sí ibòmíràn tí mo lè yà sí. Ní Igbókòdá ni ọkọ̀ ojú omi abúlé wa ti ń gbéra, ẹyọ kan ṣoṣo ní ọjọ́ Sátidé, ní aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán. Ẹ rí i pé a tètè dé. Ọkọ̀ mi nìkan ló wà lórí ìlà. Mo fi wáyà sí i, ẹ̀rọ yín sì bẹ̀rẹ̀ dáadáa: láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ìdá mẹ́fà ti wọlé. Lẹ́yìn èyí ló wálẹ̀. Ìdá kan ṣoṣo ló wá ń gba ìṣẹ́jú mẹ́jọ, nígbà mìíràn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ̀rọ tí mo fi ń ṣáàjì fóònù nílé yá jù ú lọ.

Mo lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Benjamin, ẹni tí ẹ fi ṣe ọ̀gá ibùdó náà. Ó wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, network ló ń ṣe é. Ó ku twenty minutes." Ní aago mẹ́jọ ààbọ̀, mo padà lọ. Ó tún ku ogún ìṣẹ́jú. Ní aago mẹ́sàn-án, ogún ìṣẹ́jú náà ló kù. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo bi í lọ́jọ́ yẹn, ohùn kan náà ló sì fi dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mejèèje. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ̀rọ lè bàjẹ́. Iṣẹ́ mi ni ẹ̀rọ tó bàjẹ́, n kò lè torí ìyẹn bínú sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ká ní ọkùnrin yìí sọ òótọ́ fún mi ní aago mẹ́jọ, ǹ bá fi ọkọ̀ mi sílẹ̀ fún un níbẹ̀, kí n wá ọkọ̀ ẹlòmíràn háyà láti gbé ìyá mi lọ. Irọ́ rẹ̀ ló dè wá mọ́lẹ̀, kì í ṣe bátìrì.

Ìyá mi ló rídìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n tẹjú mọ́ nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹja lórí àtẹ ìyan. Nígbà tó kọjá aago mẹ́wàá díẹ̀, wọ́n pè mí. Wọ́n ní, "Nathaniel, ṣé o gbọ́ nǹkan tó ń kùn lẹ́yìn ògiri yìí? Tó bá ti ń kùn báyìí, nọ́ńbà yẹn á sùn. Tó bá dákẹ́, á jí." Ó tì mí lójú. Èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá nídìí ẹ̀rọ, n kò fetí sílẹ̀. Mo fi aago ọwọ́ mi ṣọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ló rí. Mo bá yí lọ sẹ́yìn ògiri. Yàrá òtútù mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀, tí ẹja kún inú wọn dẹ́nu, wáyà wọn sì wọ inú tiransifọ́mà ẹ̀rọ yín lọ tààrà.

Alhaja Muslimah, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta ẹja níbẹ̀, ló là mí lóye. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. A ò jí i o. Ọ̀gá Benjamin ló fún wa láti Ramadan. Wọ́n ní iná tí mọ́tò ò lò ni, pé mọ́tò tó ń wá ò ju ẹyọ kan, ẹyọ méjì." Ọjọ́ Sátidé ni ẹja máa ń wọlé jù, ọjọ́ náà sì ni àwọn yàrá yẹn máa ń mu iná jù. Nígbà tí Alhaja gbọ́ ibi tí à ń lọ àti ìdí tí a fi ń lọ, wọ́n dìde lójú ẹsẹ̀ pé àwọn fẹ́ lọ pa tiwọn, kí àwọn sì bẹ àwọn yòókù kí wọ́n pa tiwọn náà. Ká ní wọ́n pa á, ogún ìṣẹ́jú tòótọ́ ni ìbá kù fún wa, à bá sì bá ọkọ̀ ojú omi náà.

Ìyá mi ni kò jẹ́. Wọ́n di Alhaja lọ́wọ́ mú. Wọ́n ní, "Rárá o. Ẹja gbogbo ènìyàn ló wà níbẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kó bàjẹ́ nítorí tèmi." Ẹni tó fi ogójì ọdún yan ẹja tà ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ bó ṣe máa ń rí tí obìnrin bá jí láàárọ̀ tó bá ọjà rẹ̀ tó ti jẹrà. Ọ̀gbẹ́ni Benjamin sì dúró níbẹ̀, ó ń búra pé òun máa tan jẹnẹrétọ̀ fún ẹ̀rọ náà, pé ó ku ogún ìṣẹ́jú. Ìyá mi gbà á gbọ́. Aago méjìlá ni a tó mọ̀ pé kò sí dísù nínú jẹnẹrétọ̀ náà, àti pé ó ti pẹ́ tí kò ti sí. Ó ti pẹ́ jù nígbà náà fún ọkọ̀ háyà, ṣùgbọ́n ìyá mi kò gbà kí a kúrò níbẹ̀ kí bátìrì tó pé.

Ibí yìí ló ń bí mi nínú jù. Ta ló gbé ìyá arúgbó kan kalẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ní Ẹ̀pẹ́, tó ní kí wọ́n yan ọ̀kan nínú ẹja ẹlẹ́ja àti àbúrò wọn? Ẹ̀yin ni. Ìwé àyẹ̀wò yín wà lára ògiri ọ́fíìsì ibùdó náà, mo ya fọ́tò rẹ̀. Oṣooṣù ni aṣojú yín ń fọwọ́ sí i pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Ó fọwọ́ sí ti oṣù Kẹwàá. Wáyà tó nípọn tó ọwọ́ mi gba ẹ̀yìn ògiri kọjá níwájú rẹ̀, kò rí i.

Nígbà tí bátìrì pé ọgọ́rin, aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo yí orí ọkọ̀ padà sí Ìkòròdú. Lójú ọ̀nà, ìyá mi ní kí n rọra sáré. Mo ti tẹ awakọ̀ ojú omi náà láago ní Igbókòdá, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó bá wa ṣàlàyé fáwọn àgbà. Ó jíṣẹ́. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ síwájú, nítorí wọn kì í gba iṣẹ́ tí a rán ẹlòmíràn. Àǹtí Fúnmbí wọ irú aṣọ kan náà tí ìyá mi yọ sọ́tọ̀. Wọ́n jókòó síwájú àga tó ṣófo títí di àdúrà ìkẹyìn. Lọ́jọ́ Ajé, awakọ̀ náà bá wọn jíṣẹ́ kan padà fún wa: "Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo ti gbọ́ èsì wọn."

Ìyá mi ti ká aṣọ náà padà sínú àpótí. Bí mo bá mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á ní kò sí nǹkan tó burú, wọ́n á sì bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, mo gbọ́ pé Ọ̀gbẹ́ni Benjamin ti kọ ìwé sí yín pé ọkọ̀ mi ló gbó, àti pé àwọn ẹlẹ́ja ló jí iná yín. Irọ́ ni méjèèjì. Fọ́tò ojú ẹ̀rọ yín, pẹ̀lú aago tí mo ya ọ̀kọ̀ọ̀kan, wà nínú àpòòwé yìí. Bí ẹ bá kó ọlọ́pàá lọ já wáyà àwọn obìnrin wọ̀nyẹn nítorí ìwé mi, ẹ ti tún ṣẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ wá ìlà iná tiwọn fún wọn. Ẹ yọ ọkùnrin náà kúrò nídìí ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ yín kò bá lè ṣe ogójì ìṣẹ́jú, ẹ lọ pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ lára pátákó Imota, kí arìnrìn-àjò mìíràn lè mọ ohun tó ń lọ bá pàdé.

Mo ti lọ sí Òkè-Ìrètí fúnra mi láti bẹ àwọn àgbà. Wọ́n ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Wọn óò tún gbé àga méjèèjì jáde ní ọjọ́ kẹta oṣù Kìíní tó ń bọ̀, bí ẹni tó dá ìyá mi dúró bá fi ẹnu ara rẹ̀, tàbí ìwé tó fọwọ́ sí fúnra rẹ̀, sọ pé òun ni. Ní ti ìrìn-àjò náà, ẹ má wulẹ̀ ṣe ìyọnu. Inú ọ̀sà la óò gbà láti Ìgbògbò lọ, ẹ̀ńjìnnì bẹntiróòlù ni n óò sì so mọ́ ọkọ̀ ojú omi tí a óò wọ̀.

Nítorí náà, ìwé ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, kì í ṣe káàdì. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, nítorí wọn óò kà á sókè nínú ìjọ. Ẹ lu òǹtẹ̀ yín sí i, kí ẹ̀yin Alága fọwọ́ sí i fúnra yín. Kò ní láti gùn. Ẹ kàn kọ síbẹ̀ pé: "Màmá Rebecca ń bọ̀. Wọ́n dé Ẹ̀pẹ́ ní aago méje ààbọ̀ òwúrọ̀, wọ́n sì jókòó títí aago méjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Àwa ni kò jẹ́ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ àbúrò wọn."

Ẹ ṣeun, bí ẹ bá ṣe é.

Èmi ni tiyín, tó ń retí ìwé náà kí ọdún tó parí,

Nathaniel Ògúndípẹ̀,
Oníṣẹ́ Ẹ̀ńjìnnì Ọkọ̀ Ojú Omi,
Ọmọ Màmá Rebecca.