Akàn Ilé Àna Mi

                                        Jakande Estate, Ìlasàn,
                                        Lẹ́kí, Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹwàá, 2024.

Babájídé, ọ̀rẹ́ mi àtọkànwá,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Ìkirè? Ìyá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le, tíìlì là ń tẹ́ ní Awoyaya látàárọ̀ dalẹ́. Jókòó dáadáa kí o tó ka èyí tó kù.

Mo ti lọ fojú han àwọn òbí Àníọlá, àfẹ́sọ́nà mi. Apẹja ni bàbá rẹ̀, ẹ̀bá ọ̀sà nítòsí Ajah ni wọ́n ń gbé. Nílé wọn, àna tuntun gbọ́dọ̀ jẹ akàn tí ìyá ìyàwó sè tán kí bàbá tó bi í léèrè ohunkóhun. Ìwọ náà kúkú mọ èmi àti akàn: bí mo bá ti fẹnu kàn án, gbogbo ara mi á sú, màá sì máa họ ara bí ẹni tó bọ́ sínú yèrèpè. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo lọ ra oògùn ara yíyún lọ́wọ́ Àǹtí Rẹ̀míláyọ̀, oníkẹ́míìsì àdúgbò wa. Wọ́n ní ẹyọ kan péré ni kí n lò. Mo ní akàn ilé àna kì í ṣe akàn lásán, mo gbé mẹ́ta mì.

Ọ̀rẹ́ mi, akàn náà dùn! Mo rún un, mo fà á mu, ara ò yún mi rárá. Ìyá Àníọlá ń bù sí i ṣáá ni. Nígbà tí àwo gbẹ, Bàbá wúkọ́, wọ́n ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

Ìhanrun ni mo fi dá wọn lóhùn.

Ìgbà tí mo máa lajú, wọ́n ti fi ìró bò mí. Ojú Bàbá le koko. Wọ́n ní ọ̀mùtí ni mí, kí n dìde kúrò nílé àwọn. Ọmọ tí mo fẹ́ràn ti fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo sọ oògùn tí mo lò fún Àníọlá, ló bá sáré fi fóònù mi pe Àǹtí Rẹ̀míláyọ̀, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́.

Èmi ni Àǹtí kọ́kọ́ kọjú ìbínú sí: "Mẹ́ta kẹ̀! Ṣé orí ẹ pé ṣá? Tó bá jẹ́ ọ̀nà ọ̀fun ẹ ló wú ńkọ́? Tábúlẹ́ẹ̀tì ò lè gbà ẹ́ o!" Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣàlàyé fún Bàbá. Wọ́n ní bí akàn bá ti wọnú mi, ara mi fúnra rẹ̀ ló máa ń tú nǹkan kan jáde. Nǹkan ọ̀hún ní ìjókòó tirẹ̀ lára àwọn sẹ́ẹ̀lì inú awọ, ìgbà tó bá jókòó síbẹ̀ ni yíyún ń bẹ̀rẹ̀. Oògùn yìí kì í ṣe iṣẹ́ kankan níbẹ̀, ó kàn ń lọ gba ìjókòó náà ni, kí ẹni tó ni ín má baà ráyè. "Ṣùgbọ́n irú ìjókòó yẹn wà nínú ọpọlọ náà, sà. Nǹkan kan náà tó ń mú kí ara máa yúnni ló ń jẹ́ ká lajú sílẹ̀ níbẹ̀. Oògùn tó gbé mì ti gba gbogbo àga, ló ṣe sùn."

Bàbá wo èmi, wọ́n wo òkìtì èèpo akàn tó wà níwájú mi. Wọ́n bi mí bóyá lóòótọ́ ni akàn lè pa mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ni wọ́n bá jágbe mọ́ mi: "O sì jẹ ẹ́! Ṣé opó lo fẹ́ sọ Àníọlá mi dà kó tó wọlé ọkọ ni?"

Babájídé, ẹnu yẹn ni mo ti gbọ́ pé wọ́n ti fún mi lọ́mọ. Omi bọ́ lójú mi, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Bá mi kí Ìyá àti ìyàwó rẹ dáadáa. Ọjọ́ ìdána ò ní pẹ́ mọ́. Ebi ni kí o gbé wá o, ìwọ lo máa bá mi jẹ akàn tèmi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí oorun ti dá lójú rẹ̀,
Ọlámilékan.