Ẹsẹ̀ Tí Kò Fẹ́ Sinmi

Libreville, Ọjọ́ Ẹtì, oṣù kejì 1964

Àáfà lé mi kúrò ní ìlà iwájú lónìí. Lẹ́yìn ìrun Màgíríbì ló rọra sọ ọ́: “Bàbá Ramọ́tà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kírun lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ yín ń da ẹni tó jókòó tì yín láàmú.”

Ojú tì mí. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí mo jókòó lásán, ṣe ni nǹkan á máa rìn nínú ẹsẹ̀ mi bí èèrà, àfi kí n máa jù ú.

Dókítà òyìnbó ní ara mi ò rí oòrùn tó. Ó kọ epo ẹja fún mi, ṣùgbọ́n kò dá a lójú pé ó máa wo ẹsẹ̀ náà. Oòrùn wá di ọ̀wọ́n fún mi ní ilẹ̀ Gabon yìí! Òótọ́ sì ni. Látàárọ̀ dalẹ́, inú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ tí kò ní fèrèsé yìí ni mo wà, mò ń retí oníbàárà tí kò wá mọ́.

Máṣíìnì nìkan ló ń tu ẹsẹ̀ mi lára. Bí mo ṣe ti mọ́ṣáláṣí dé, mo jókòó tì í, mo ń wà á.

Ìyàwó mi gbọ́ ọ láti ẹ̀yìnkùlé. “Alihamudulilahi! Iṣẹ́ ti wọlé?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.