Ọgbọ̀n Ọwọ́ Lókè, Ọwọ́ Kan Nílẹ̀

Láìnì Òkìríkà,
Ẹ̀yìn Oba Market,
Benin City.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá, 1999.

Adéṣínà, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ilé, mo kí màmá, mo kí àga tí o jókòó lé tí o fi ń ka ìwé yìí. Mo nírètí pé ara yín le bí ògiri àtijọ́, pé ikọ́ bàbá náà sì ti fi wọ́n sílẹ̀. Tó bá jẹ́ tèmi lò ń béèrè, ara mi dá. Mo tiẹ̀ tún rẹwà sí i ju ìgbà tí o rí mi kẹ́yìn lọ. Àwọn tó ń kọjá ní Ring Road máa ń dúró wò mí, èmi náà sì máa ń gbà wọ́n láàyè.

Mo gbọ́ pé awakọ̀ kan sọ fún ọ ní gáréèjì Ọ̀wọ̀ pé wọ́n ti lé mi kúrò lójú ọjà ní Benin. Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀, irọ́ ló pọ̀ jù. Fara balẹ̀ kí n rò ó fún ọ. Òní Sunday ni, òjò rọ̀ láàárọ̀, ilẹ̀ pupa ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ọjà sì dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ omi tó ń kán láti orí páànù, tó ... tó ... tó. Ojú mi wúwo. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé inú oorun ni mo wà tí mo ń kọ̀wé. Tí o bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti lọ́, àlá ló gbà á lọ́wọ́ mi.

Ṣé o mọ̀ pé àwa mọ́kànlélọ́gbọ̀n là ń ta òkìríkà, aṣọ àlòkù òkè òkun, ní láìnì wa. A kì í dá ra bélì, ìdì aṣọ ńlá náà, ẹgbẹ́ ló ń rà á fún gbogbo wa. Wọ́n á gbé e sáàárín, wọ́n á fi ọ̀bẹ já okùn rẹ̀, aṣọ á wá máa wú jáde bí ìrẹsì tó hó borí ìkòkò. Ẹni tó bá wà ńbẹ̀ á máa mú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yípo yípo. Ẹni tí kò bá wá, ìyókù ló máa bá, èyí tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti já, tí abíyá rẹ̀ ti ya. Ọjọ́ Thursday la máa ń já bélì látìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.

Nígbà tó di oṣù kẹfà, sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, rédíò ò ní ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu ju dẹmokírésì lọ. Èmi náà mu ọ̀rọ̀ yẹn yó. Mo dìde ní mítìn, mo ní ká gbé ọjọ́ bélì sí Saturday, torí Saturday làwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń ti Ekiadolor wọ̀lú, ká máa ta aṣọ fún wọn bó ṣe ń gbóná jáde nínú bélì. Adéṣínà, mo sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ká ní mo kàwé kọjá prámárì fáìfù ni, wọn ì bá ti wá fi mí joyè gómìnà.

Mama Isoken nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ọmọ Bini ni, ilé bàbá rẹ̀ ò jìnnà sí ààfin, ṣùgbọ́n ìjọ àwọn tó ń pa Saturday mọ́ ló ń lọ. Lọ́jọ́ náà, kì í tà, kì í rà, kì í sọ̀rọ̀ ajé títí oòrùn á fi wọ̀. Ó dìde wẹ́rẹ́, ó ní, "My pikin, law dey for book. My husband write am." Ọkọ rẹ̀ tó ti kú ni sẹ́kítírì àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ ní. Mo yíjú sí àwọn èèyàn, mo ní, "Mama, book don old. Na number dey talk now." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọgbọ̀n ọwọ́ lọ sókè. Tirẹ̀ nìkan ló kù nílẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, mo ti sọ ọ́ ní Mama Saturday, àwọn ọmọdé inú ọjà sì gbà á lẹ́nu mi.

Láti ìgbà yẹn, àràárọ̀ Monday ló máa ń wá kó ìyókù. Aṣọ tó wà lórí igi rẹ̀ ń dín, ó ń dín, bí irun orí arúgbó. Mo rí i. Mi ò ní parọ́ fún ọ, mo rí i, mo wo ibòmíì.

Ìgbà tí oṣù kẹsàn-án fi máa parí, wọ́n wá gbẹ́ gọ́tà ńlá gba iwájú láìnì wa, ààyè márùn-ún lára ààyè iwájú sì bá a lọ. Èèyàn márùn-ún gbọ́dọ̀ kó lọ sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààtàn, níbi tó jẹ́ pé ewúrẹ́ ni oníbàárà. A pe mítìn. Osaro ló dìde. Osaro tí èmi àti ẹ̀ jọ ń jẹ ẹ̀wà nínú abọ́ kan náà láràárọ̀. Ó ní, "Space wey loss na five. People wey no be from here na five." Ó kà wá: Igbo méjì, Urhobo kan, èmi, àti Ìyá Ọmọ́ṣaléwá. Ìṣirò yẹn bọ́ sára wa bí aṣọ tí télọ̀ wọ̀n.

Ìyá Ọmọ́ṣaléwá yìí, ó ti wà ní láìnì yẹn kí n tó mọ ọ̀nà Benin. Opó ni. Ààyè yẹn ló fi tọ́ ọmọ mẹ́ta, àwọn ọmọ tí wọ́n gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n tó jẹ́ Pidgin ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Mo bá fò dìde, mo ní ìyànjẹ lèyí, mo ní ṣé tórí wọ́n bí wa síbòmíì ni. Osaro ò tiẹ̀ bínú. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ rán mi létí ohun tí mo gbàgbé sílé, ó ní, "Bámi, no be you teach us? Na number dey talk." Ọwọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ sókè. Àwa márùn-ún ò na tiwa. Mama Isoken ká ọwọ́ tirẹ̀ sórí itan, kò gbè wá, kò gbè wọ́n. Pa Omorogbe, ṣíámáànì wa, ní ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kó gbé e wá kó tó di Monday tó ń bọ̀. Tí kò bá sí, ká di ẹrù wa.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, mò ń rìn bí ẹni tó ń rìn lábẹ́ omi. Mò ń gbọ́ ohùn èèyàn lókèèrè. Èmi tí mo máa ń polówó ọjà tí wọ́n á gbọ́ ọ dé Sakponba, mi ò lè pariwo mọ́. Ìwé Mama Isoken ló ń wá sí mi lọ́kàn, ìgbéraga ò sì jẹ́ kí n lọ. Ọjọ́ Saturday ni ojú wá tì mí tán. Mo ní màá sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, màá sọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún, màá padà wá bá wọn já bélì.

Mo bá a nílé ẹ̀ lẹ́yìn ọjà Oliha, òun àtàwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ń kọrin ìsìn lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ní, "Na market matter?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó nawọ́ sí bẹ́ǹṣì. Ó ní, "Siddon. Sun never go down." Oòrùn wà ní àárín orí nígbà yẹn.

Mo jókòó. Adéṣínà, mi ò tíì jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Wọ́n fún mi ní iṣu àti ẹ̀pà, kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Àwọn ọmọ ń kọrin ní Bini, mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n orin náà ń gbé mi bí ẹni gbé ọmọ. Ìmọ́lẹ̀ ń rọra rìn lára ògiri. Mo mọ̀ pé lásìkò yẹn, wọ́n ń já okùn bélì lọ́jà, wọ́n ń mú, yípo yípo, ààyè mi ṣófo. Oorun gbé mi díẹ̀. Mo rí aṣọ tó ń fò jáde nínú bélì bí lékeléke, funfun, funfun, wọ́n forí lé Ekiadolor. Mo rí ọwọ́ tó pọ̀ bí igbó, gbogbo ẹ̀ nà sókè, ọ̀kan lára ẹ̀ sì jẹ́ tèmi. Mo fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò sọ̀. Ìgbà tí mo lajú, Mama Isoken jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. Mo wá mọ̀ pé gbogbo Saturday láti oṣù kẹfà, ibi tó máa ń wà nìyẹn nígbà tí mo bá ń ṣa èyí tó dáa.

Nígbà tí oòrùn wọ̀ tán pátápátá, ó pa Bíbélì dé, ó ní kí n wí. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá wa ka ìwé yẹn ní Monday. Ó wọlé, ó mú ìwé èsàsáìsì kan jáde, ó kà á, ó túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Òfin náà ní ohun tó bá máa gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnì kan, tàbí tó máa dí i lọ́wọ́ ìsìn rẹ̀, ọwọ́ nínà ò tó láti fi ṣe é, àfi kí ẹni tọ́rọ̀ kàn gbà fúnra rẹ̀. Mo fò sókè. Ó ní kí n jókòó. Ó ní òfin kì í ṣe aṣọ tí wàá gé apá tó bá ọ mu kí o ju ìyókù nù. Tí mo bá fẹ́ kóun kà á, èmi ni màá kọ́kọ́ dìde, màá fi ẹnu ara mi fagi lé Saturday tí mo dá sílẹ̀, lójú gbogbo wọn.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò gbè wá lọ́jọ́ ìbò. Ó ní òun ò lè nawọ́ fún irú ohun tí wọ́n ṣe fún òun, òun ò sì rí okun tóun á fi gbìjà ẹni tó ṣe é fún òun. Kò ní kí n bẹ òun. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo dọ̀bálẹ̀ fúnra mi, mo fi ẹ̀wù tó dáa jù tí mo ní gbálẹ̀.

Monday dé. O mọ̀ pé Saturday yẹn ló sọ mí di èèyàn ní láìnì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ orúkọ mi. Mo dìde, mo ní kí wọ́n pa ìbò tí mo dá sílẹ̀ ní oṣù kẹfà rẹ́, torí ó gba oúnjẹ lẹ́nu Mama Isoken, èmi ló sì ṣe é. Wọ́n pòṣé. Àwọn tí ọ̀rọ̀ gọ́tà ò kàn rárá ló bínú jù. Osaro ní, "So because e don reach your body, you wan carry Saturday comot?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ẹ̀ ni. Mi ò rí irọ́ kankan tó dáa tó.

Mama Isoken wá kà á. Pa Omorogbe gba ìwé náà, ó wo ìsàlẹ̀ ẹ̀, ó rí orúkọ ara rẹ̀, ó sì ń fi ìka rìn lórí ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní nígbà táwọn kọ ọ́, àwọn tó ń ta bàtà ló pọ̀ ju àwọn lọ nínú ọjà, wọ́n fẹ́ fi iye lé àwọn dànù. Ó ní àwọn kọ ọ́ káwọn náà má baà dà bí wọn tó bá yá. Ó ní ìbò méjèèjì ti ṣubú. Bélì padà sí Thursday. Ní ti gọ́tà, kálukú á mú bébà nínú báàkẹ́tì, òun náà á mú. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ wa níkọ̀ọ̀kan bóyá a gbà. A gbà.

Bébà mọ́kànlélọ́gbọ̀n, márùn-ún ní àmì, ẹni tó bá mú un á lọ sẹ́yìn. Ìyá Ọmọ́ṣaléwá mú tirẹ̀, iwájú. Ó fi ìborùn bojú, ó ń sunkún. Mama Isoken, iwájú. Osaro, iwájú. Mo na ọwọ́ mi tó gùn yìí, mo rò ó nínú báàkẹ́tì bí ẹni ń rokà, mo mú, mo ṣí i. Àmì wà níbẹ̀.

Wọ́n ń retí pé màá dá ìjà sílẹ̀. Pa Omorogbe bi mí pé, "You accept?" Mo ní mo ti gbà kí n tó mú un. Osaro rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ló bá dìde, ló lọ gbé apá kan tábìlì mi. Mo gbé èkejì. A gba àárín ọjà kọjá lọ sẹ́yìn lójú gbogbo ayé, èmi àti ẹ̀, pẹ̀lú Bini mẹ́ta àti Igbo kan tí wọ́n jọ mú àmì, a ń gbé ẹrù. Ibi tí Osaro fẹ́ kó mi lọ tẹ́lẹ̀ náà nìyẹn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mò ń kọrin lọ, kò sì sẹ́ni tó pè mí ní àlejò lójú ọ̀nà.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí wa sí, a ò ní jìn sí kòtò, a ò ní gbẹ́ ẹ fún ọmọnìkejì. Iṣẹ́ tí o ń wá, á wá ọ kàn. Bàbá á fi ohùn tó já gaara sọ ọmọ tí o máa bí lórúkọ. Bá mi kí gbogbo àdúgbò, kí o má yọ ẹni tó kórìíra mi sílẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré, ẹni tí ìwọ àti ẹ̀ jọ jí máńgò,
Bámidélé.

Àkíyèsí: Tí ará Ọ̀wọ̀ kankan bá ń bọ̀ wá ra aṣọ, ní kó kọjá gọ́tà, kó máa bọ̀ tààrà títí á fi gbọ́ òórùn, kó wá béèrè ọkùnrin tó rẹwà. Tí wọ́n bá júwe ẹlòmíì fún un, ìlara ni.